Sólà lórí òrùlé nígbà òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ṣé bátìrì kejì ló kàn?

Òǹkàwé kan kọ̀wé báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Agbègbè Kent ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Oṣù Kẹfà tó kọjá la gbé páńẹ́lì mẹ́wàá oníwáàtì 430 sórí òrùlé, pẹ̀lú bátìrì tó ń gba yúníìtì mẹ́sàn-án àbọ̀. Nígbà ooru, ó tẹ́ wa lọ́rùn gan-an, owó iná wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan. Àmọ́ láti oṣù Kọkànlá, bátìrì kì í kọjá ìdá 15 nínú 100. Ọjọ́ mìíràn wà tí gbogbo páńẹ́lì kì í mú odindi yúníìtì kan wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní páńẹ́lì mẹ́fà péré, ó sì ń fi gbé fírísà, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú oṣù Kejìlá kan náà. Àwọn tó tà á fún wa ní ká ra bátìrì kejì. Ọkọ mi ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, ká ní kí wọ́n wá tú u. Kí ni ká ṣe?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo mọ ohun tó ń dùn yín. Owó ńlá lẹ kó sílẹ̀, ìgbà tí owó iná sì wọ́n jù lọ́dún gan-an ni ohun tí ẹ rà wá dákẹ́. Ó tó ohun tó ń dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan tó fi hàn pé ayédèrú ni páńẹ́lì yín. Ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù yín yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ilé tó ní sólà ń rí láti Dover títí dé Carlisle lóṣù Kejìlá. Nítorí náà, ẹ má tú u, ẹ má sì tíì ra bátìrì kejì. Iṣẹ́ kan wà tí bátìrì tí ẹ ti ní yìí lè máa ṣe fún yín nígbà òtútù, ó sì dà bíi pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín. Mò ń bọ̀ wá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dàrú. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi digíríì 7 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Kent wà ní digíríì 51. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, tí oòrùn bá dé ibi tó ga jù lọ́sàn-án, digíríì 59 ló máa wà sókè ilẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Kent, digíríì 15 péré ni. Ẹ̀yin náà á ti kíyè sí i: aago méjìlá ọ̀sán ti lù, oòrùn ṣì wà létí òrùlé aládùúgbò bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Nígbà tí oòrùn bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní láti là kọjá kó tó kan páńẹ́lì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti oòrùn tó wà lókè orí, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ sì ti ṣòfò sójú ọ̀nà. Ẹ wá fi gígùn ọ̀sán kún un. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀sán Ìbàdàn ju wákàtí mọ́kànlá àbọ̀ lọ. Tiyín kò pé wákàtí mẹ́jọ. Ní Glasgow, nǹkan bíi wákàtí méje ni. Kùrukùru tó máa ń bo ojú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù náà tún wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọyẹ́ ń dín oòrùn Ìbàdàn kù ní àkókò yẹn, tí eruku rẹ̀ sì ń bo páńẹ́lì tí ẹni kan kò bá nù ún, síbẹ̀ páńẹ́lì kan náà tí ẹ bá gbé sórí òrùlé ẹ̀gbọ́n yín lóṣù Kejìlá á mú iná tó ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán wá ju èyí tó máa mú wá lórí òrùlé yín lọ. Ibi tí ẹ gbé e sí ló fà á. Páńẹ́lì náà kò yí padà.

Wáàtì 430 tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan náà ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà yẹn, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó tó wáàtì 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ìgbóná ara páńẹ́lì fúnra rẹ̀ sì wà ní digíríì 25 Celsius. Òrùlé Kent kì í rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóṣù Kejìlá. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀, páńẹ́lì mẹ́wàá tí àpapọ̀ wọn ń jẹ́ wáàtì 4,300 lè máà mú ju wáàtì 200 wá lọ́sàn-án gangan.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà sí i, ká ka yúníìtì tí mò ń sọ sí kilowatt-hour kan bó ṣe wà lórí bílì yín, ìyẹn iná tí ohun oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Ní gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òrùlé bá kọjú sí gúúsù tí nǹkan kan ò sì ṣíji bò ó, irú sólà tí ẹ ní yìí máa ń mú nǹkan bíi yúníìtì 4,000 sí 4,500 wá lọ́dún. Lóṣù Kẹfà, ó lè tó 18 lójúmọ́. Lóṣù Kejìlá, tí ẹ bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bíi 4 lójúmọ́ ni. Ọjọ́ kò sì dọ́gba rárá: ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere tí òtútù mú gidi lè fún yín ní 10, kí ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e má pé yúníìtì kan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kọkànlá, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, tí ẹ bá kó wọn pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná ọdún ló ń ti inú wọn wá. Tí òrùlé yín bá wá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, ti ìgbà òtútù á tún kéré sí èyí gan-an, torí gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá ní àkókò yìí, nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò sọ ibi tí òrùlé yín kọjú sí, ó sì ṣe pàtàkì.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òtútù ló ń pa páńẹ́lì. Rárá o, òdìkejì rẹ̀ ló rí. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́lì ń lò, ooru kì í bá a lára mu. Bí ó bá ti kọjá digíríì 25, ìwọ̀n ìdá 0.3 sí 0.4 nínú 100 ló ń dín kù lórí digíríì kọ̀ọ̀kan. Lórí páànù Ìbàdàn, tí páńẹ́lì lè gbóná kọjá 60 lọ́sàn-án, ìdá mẹ́wàá ó kéré tán ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀sán oṣù Kẹrin tí òtútù ṣì mú díẹ̀, tí oòrùn sì là gbà-á, ni ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín ti máa ń rí agbára tó ga jù lọ ní ìṣẹ́jú kan. Òkùnkùn ni ìṣòro oṣù Kejìlá.

Ìdá 15 nínú 100 tí bátìrì yín kì í kọjá ńkọ́? Ẹ rántí pé ilé ló ń kọ́kọ́ jẹun. Ínfátà yín, ẹ̀rọ tó ń yí iná páńẹ́lì padà sí irú èyí tí ilé ń lò, kì í fi iná sínú bátìrì àyàfi tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ilé ti mu tirẹ̀. Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, lo yúníìtì 2,700 gẹ́gẹ́ bí ohun tí ilé kan ń jẹ lọ́dún nínú ìṣirò rẹ̀ ti ọdún 2025, ìyẹn bíi 7 àti díẹ̀ lójúmọ́. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ wà nílé, ìgbà òtútù sì ni: iná yàrá ń tàn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aṣọ ọmọ kì í gbẹ níta mọ́ kí ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ tó dá sí i, ẹnì kan sì ti lè gbé hítà sínú yàrá rẹ̀. Hítà oníwáàtì 2,000 kan tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí méjì ti jẹ gbogbo ohun tí sólà yín mú wá lọ́jọ́ náà tán. Tí fírísà ńlá àtijọ́ bá tún wà ní gáréèjì tí ẹ ń kó ẹran àti ẹja sí, ẹ ka yúníìtì kan sí i lójúmọ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ: ínfátà àti bátìrì fúnra wọn ń jẹ iná tọ̀sán-tòru láti wà lójúfò. Tí ó bá jẹ́ wáàtì 40 péré, ó ti sún mọ́ yúníìtì kan lójúmọ́. Nígbà ooru, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lóṣù Kejìlá tó jẹ́ 4 lẹ ń rí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ìdá 10 tàbí 15 tí ẹ ń rí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣètò bátìrì pé kó má sọ̀kalẹ̀ kọjá, kó má baà bàjẹ́. Bátìrì yín kò ṣàìsàn. Kò rí nǹkan gbà ni.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má ra bátìrì kejì nìyẹn. Ẹni tí àgbá omi rẹ̀ kò kún nígbà ẹ̀rùn kì í lọ ra àgbá kejì pé kí òjò lè rọ̀. Bátìrì kan wà nílẹ̀ tí sólà kò lè kún dé ìdajì; méjì á wà nílẹ̀ báyìí, ekejì náà á sì máa jẹ iná tirẹ̀ láti wà lójúfò. Mo bínú sí irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yìí, mi ò ní fi bò, torí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Mi ò sọ pé bátìrì kejì kì í wúlò láéláé. Ilé tó ń fi ẹ̀rọ heat pump mú ilé gbóná, tó ń jẹ yúníìtì 20 tàbí 30 lọ́jọ́ òtútù, tó sì ní ètò iná olówó pọ́ọ́kú lóru, ó lè rí èrè nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ò sọ pé ẹ ní irú rẹ̀. Ti ìgbà ooru náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, torí iná tó bá ṣẹ́kù nígbà yẹn, ẹ lè tà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ètò Smart Export Guarantee ti wà, tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná ńlá láti san owó fún iná tí ilé bá dá padà. Iye tí wọ́n ń san yàtọ̀ síra gan-an. Lọ́dún 2025, a rí àwọn tó ń san pence 15 lórí yúníìtì kan, a sì rí àwọn tí tiwọn kò tó nǹkan. Tí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀ fún un, owó yín ló ń bọ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹfà yẹn.

Iṣẹ́ tí bátìrì yín lè ṣe nígbà òtútù wá nìyí: kí ó máa ra iná lóru. Àwọn ètò owó iná kan wà tó jẹ́ pé láàrin òru, fún wákàtí márùn-ún sí méje, iye owó yúníìtì kan máa ń já wálẹ̀ dé bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọ̀sán. Economy 7 ni bàbá wọn, ó ti wà láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tuntun dín owó kù jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè mítà ìgbàlódé tó ń ka iná ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ oníná nìkan. Ẹ ó lọ sínú áàpù ínfátà yín, ẹ ó wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àkókò, ẹ ó ní kí ó kún bátìrì láti inú iná ìta ní wákàtí olówó pọ́ọ́kú yẹn, kí ó sì má tú u jáde títí wákàtí náà fi máa parí. Tí ẹ bá jí, bátìrì á ti kún, òun lẹ ó sì máa jẹ ní ọ̀sán tí iná wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Lọ́dún 2025, gbèdéke owó iná tí Ofgem ń gbé jáde wà láàrin pence 24 sí 28 lórí yúníìtì kan. Ẹ jẹ́ ká mú 26, ká sì sọ pé pence 9 ni ti òru. Láti rí yúníìtì 8 lò nínú bátìrì, ẹ ó fi bíi 9 sínú rẹ̀, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò níwọlé-jáde. Pence 81 nìyẹn. Yúníìtì 8 kan náà lọ́sàn-án ì bá jẹ́ £2.08. Ẹ ti jèrè £1.27 lójúmọ́, ó sì lé ní £35 lóṣù. Kì í ṣe owó tó ń sọ ènìyàn dolówó, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nínú oṣù mẹ́rin tí sólà fi sùn, ó lé ní £140, bátìrì tó ń jókòó lásán tẹ́lẹ̀ ló sì mú un wá. Kí ẹ tó yí padà, ẹ wo iye tí ètò tuntun náà ń gbà lọ́sàn-án àti owó ojoojúmọ́ tó ń gbà yálà ẹ lo iná tàbí ẹ ò lò ó. Àwọn kan ń gbé ti ọ̀sán sókè kí ti òru lè wálẹ̀, ilé tí bátìrì rẹ̀ bá sì tán ní aago mẹ́ta ọ̀sán á wá máa ra gbogbo iná ìrọ̀lẹ́ ní owó tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún, ohun tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò nìyẹn. Fífọ aṣọ àti gbígbẹ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sí àárọ̀ kùtùkùtù tí owó ṣì kéré, tí ẹnì kan bá ti jí láti máa wò ó. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ máa dá ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ń sùn, torí ewu iná.

Ọ̀rọ̀ òtútù kan bátìrì ju bó ṣe kan páńẹ́lì lọ. Ọ̀pọ̀ bátìrì ilé tí wọ́n ń tà báyìí jẹ́ oríṣi lithium iron phosphate. Ó lálàáfíà ju àwọn mìíràn lọ, ó sì ń pẹ́, àmọ́ kò yẹ kí a fi iná sínú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá ti tutù dé digíríì 0. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú rẹ̀ á dá a dúró, tàbí kí ó dín iyára rẹ̀ kù. Àwọn kan ní ohun tó ń mú wọn gbóná nínú, iná ni ìyẹn náà sì ń jẹ. Tí tiyín bá wà ní gáréèjì tàbí lára ògiri ìta, tí ẹ sì rí i lówùúrọ̀ tí yìnyín bo koríko pé kò gba iná tó bó ṣe yẹ, ẹ ti mọ ohun tó fà á. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì we bátìrì, mo sì ti rí ibi tí wọ́n gbé hítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ó nílò afẹ́fẹ́ láyìíká rẹ̀, ewu iná sì wà níbẹ̀. Tí inú àjà òkè ilé ni wọ́n gbé e sí, ẹ pè wọ́n kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀: ìlànà PAS 63100 tó jáde lọ́dún 2024 ní kí a má gbé bátìrì sí àjà, sí yàrá tí ènìyàn ń sùn, tàbí sí ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde tí iná bá sọ. Kíkún tí ẹ ó máa kún un lóru tún dára fún bátìrì náà. Irú bátìrì yìí tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ láìkún rárá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í mọ iye tó kù nínú rẹ̀ dájú mọ́, ó lè sọ pé 30 ló kù kí ó sì kú lójijì.

Mo ti sọ pé mi ò rí àmì ayédèrú, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni mo kà, mi ò rí òrùlé yín. Ó kù kí ẹ yẹ àwọn nǹkan kan wò fúnra yín. Ẹ dúró síta ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, ẹ wo bóyá òjìji kan ń bọ́ sórí páńẹ́lì. Nígbà tí oòrùn bá wà ní digíríì 15, ilé tó ga ní mítà 8 ń ju òjìji tó gùn tó mítà 30, igi tí kò dà yín láàmú lóṣù Kẹfà sì lè bo òrùlé yín pátápátá báyìí. Tí wọ́n bá so gbogbo páńẹ́lì pọ̀ lórí okùn kan láìfi ẹ̀rọ optimiser sí i, èyí tó ń jẹ́ kí páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀, òjìji ṣímínì kan lè fa ìyókù sẹ́yìn. Ẹ kò lè wó ilé aládùúgbò, àmọ́ ẹ ó mọ ibi tí iná ń lọ. Ẹ tún wo áàpù yín: bí páńẹ́lì bá pín sí okùn méjì, ṣé méjèèjì ń mú nǹkan wá, àbí ọ̀kan wà ní òdo? Òdo lọ́sàn-án gangan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà òtútù. Bọ́tìnì tó já tàbí wáyà tó tú ni, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù ni ohun kékeré tó ń mú wáyà ńlá mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà yín, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CT clamp. Òun ló ń sọ fún ínfátà bóyá iná ń wọlé tàbí ó ń jáde. Tí wọ́n bá fi ojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ, bátìrì lè máa ṣe òdìkejì ohun tó yẹ kí ó ṣe, ẹ ò sì ní tètè mọ̀ nígbà ooru torí iná pọ̀ nílẹ̀. Lálẹ́, tí òkùnkùn ti ṣú tí bátìrì sì ti wà nísàlẹ̀, ẹ tan kẹ́tù. Áàpù gbọ́dọ̀ fi hàn pé bíi wáàtì 2,000 sí 3,000 ń wọlé láti ìta. Tó bá ní ẹ ń ta iná síta lálẹ́, wọ́n yí i sódì nìyẹn, ọ̀fẹ́ ló sì yẹ kí wọ́n wá tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó yẹ kí òrùlé yín mú wá lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí PVGIS, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe. Ẹ ó tẹ ibi tí ẹ ń gbé, agbára páńẹ́lì, bí òrùlé ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó àti ibi tó kọjú sí. Tí oṣù Kejìlá yín bá fi ìdá 20 nínú 100 kéré sí tirẹ̀, ojú ọjọ́ lè ṣe é. Tó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ lẹ rí tí kò sì sí òjìji, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá wọn. Ẹ má gun òrùlé láti lọ fọ páńẹ́lì o. Òjò ń fọ̀ ọ́, yìnyín á sì yọ́ kúrò fúnra rẹ̀. Iná ọjọ́ méjì oṣù Kejìlá kò tó ẹsẹ̀ tó máa kán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹ ò béèrè, àmọ́ tí gbogbo ilé Yorùbá tí mo bá ṣiṣẹ́ níhìn-ín máa ń rò. Ẹ̀gbọ́n yín ra sólà kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè yé dà á láàmú, kí jẹnẹrétọ̀ sì lè sinmi. Bílì lẹ̀yin rà á sí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ínfátà níhìn-ín máa ń kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná ìta bá lọ, kódà kí bátìrì kún, torí òfin ni pé kò gbọ́dọ̀ máa ti iná sínú wáyà tí òṣìṣẹ́ ń tún ṣe lọ́wọ́. Ìjì Arwen ti oṣù Kọkànlá ọdún 2021 fi àwọn ilé kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland sínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá fẹ́ kí bátìrì yín gbé iná díẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ínfátà yín ní ojú tó ń ṣiṣẹ́ láìsí iná ìta, kí wọ́n sì so fíríìjì àti iná yàrá kan mọ́ ọn. Kò pọn dandan ní Kent tí iná kì í sábà lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ní ti ọkọ yín, mo rọ̀ ọ́ kó fi títú sílẹ̀. Owó tí ẹ san fún gbígbé e sókè kò lè padà, páńẹ́lì tí wọ́n ti lò kì í sì ta ní owó gidi. Ẹ jọ wá ìwé tí wọ́n fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí oníṣẹ́ náà bá ní ìwé-ẹ̀rí MCS, àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn tó ń gbé sólà sórí ilé níhìn-ín, iye yúníìtì tí sólà máa mú wá lọ́dún gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù méjìlá pé, kí ẹ wá fi ohun tí mítà kà wéra pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá kéré jù, tàbí tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé ẹ ò ní san owó iná nígbà òtútù, ẹ ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ MCS sì ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, ó máa ṣòro láti fi hàn.

Kí ẹ ti yí ètò iná padà kí oṣù yìí tó parí. Ní àárín oṣù Kejì, ọ̀sán Kent á ti tó wákàtí mẹ́wàá, sólà yín á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti oṣù Kejìlá wá. Tó bá di oṣù Kẹta, ẹ má kún bátìrì tán lóru mọ́. Ẹ dín in sí bíi ìdajì, kí ààyè lè wà nínú rẹ̀ fún iná ọ̀sán. Nígbà tí oṣù Kẹrin bá fi máa parí, ẹ lè pa kíkún òru náà tì, kí ẹ sì tún tàn án padà lóṣù Kẹwàá.